Atẹ̀wé Mi Tó Mọṣẹ́ Lánàá

Ohun tó máa ń bí mi nínú jù nípa ọkùnrin náà ni pé ó mọṣẹ́. Ká ní kò mọṣẹ́ ni, ǹ bá ti ní kó máa lọ láàárín oṣù méjì, orí mi ì bá sì fúyẹ́. Ẹni tí kò mọṣẹ́ kì í dani lọ́kàn rú. Èèyàn á kàn sọ fún un pé, "Má bínú, ọ̀rọ̀ wa ò wọ̀," á dúpẹ́, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí lèèyàn fẹ́ ṣe fún ẹni tó ṣiṣẹ́ bíi màláíkà lọ́jọ́ Ajé, tó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń ṣe bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kọ̀ǹpútà hàn án láàárọ̀ ọjọ́ náà ni?

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní Àgọ́-Ìwòyè, lójú títì tó lọ sí yunifásítì. A máa ń tẹ̀wé, a máa ń ṣe fọ́tòkọ́pì, a máa ń di ìwé iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, a sì máa ń tẹ káàdì ìpè: ti yìgì, ti ìsọmọlórúkọ, ti àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba ni mo dá a sílẹ̀, nítorí n kò lè jókòó sílé kí n máa wo ojú ọkọ mi, òun náà kò sì lè jókòó kó máa wo tèmi.

Ọmọ Abigi ni ọkùnrin tí mo gbà síṣẹ́ atẹ̀wé yìí, lápá etí omi lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n Òrù ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀. Ó ti lé lógójì ọdún. Nítorí pé ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì, Bàbá Ìbejì ni gbogbo ojú ọ̀nà wa ń pè é. Òun náà ń pè mí ní Àlàájà. Èmi máa ń sọ "ẹ" fún un, nítorí pé ó lọ́mọ, ó sì níyì. Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú ni mí, "ẹ" kì í pẹ́ lẹ́nu wa. Bí inú bá ti bí mi báyìí, "ẹ" á di "o" kí n tó mọ̀.

Lọ́jọ́ tó wá béèrè iṣẹ́, mo fún un ní ìwé tí olùkọ́ yunifásítì kan fọwọ́ kọ. Àgbàlagbà ni olùkọ́ náà, kò gbà kí ọwọ́ òun kan kọ̀ǹpútà, ìkọ̀wé rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ibi tí adìyẹ ti tanlẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi dán an wò ni. Bàbá Ìbejì jókòó, ó wo ojú ewé àkọ́kọ́ títí bí ẹni tó ń wo ojú ọmọ tuntun, ó gbé ọwọ́ lé e, kò sì gbé e kúrò mọ́. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n tó pe ìrun Àìlà, ó ti parí ojú ewé mọ́kànlá. Mo kà á látòkè délẹ̀. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, olùkọ́ náà ló sì ni ín.

Mo délé lọ́jọ́ náà, mo sọ fún ọkọ mi pé Ọlọ́run ti fún mi lẹ́ni tó mọṣẹ́. Ọkọ mi, tó ti ṣe tíṣà ìṣirò fún ọdún púpọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, ní, "Alhamdulilahi. Jẹ́ kó ṣe ẹ̀ẹ̀kejì ná."

Ẹ̀ẹ̀kejì dára. Ẹ̀ẹ̀kẹta dára. Lọ́sẹ̀ kẹta ni nǹkan bẹ̀rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ló gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wá. Bàbá Ìbejì tẹ̀ ẹ́, a dì í, ó gbà á lọ. Kò tó wákàtí méjì tó fi padà dé pẹ̀lú omijé. Nọ́ńbà ojú ewé náà dé àádọ́ta, ó fò lọ sí àádọ́rin, ó tún padà sí ọ̀kànléláàádọ́ta. Apá kan orí kejì wà nínú orí kẹta. Níbi tí ọmọ náà ti fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ "ìyà" rẹ̀. Mo wo ìwé náà, mo wo Bàbá Ìbejì. Òun náà ń wo ìwé náà bí ẹni pé ẹlòmíì ló tẹ̀ ẹ́.

"Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe èyí?"

"Èmi ni, Àlàájà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mà á tún un ṣe."

Ó tún un ṣe lóòótọ́, iṣẹ́ náà sì dán gbinrin. Ìyẹn gan-an ló wá ń dá mi lágara. Ẹni tó tún un ṣe dáadáa ni, kí ni kò jẹ́ kó ṣe é dáadáa látìbẹ̀rẹ̀?

Látìgbà náà, n kò mọ ohun tí ọjọ́ kan máa bí. Lónìí, á tẹ ìwé ogójì ojú ewé, n kò ní rí ibi tí mo lè fi bírò kàn. Lọ́la, á tẹ lẹ́tà ojú ewé kan péré, á fi orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sípò ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Mo bá a wí, ó tún un ṣe. Mo fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀, ó dúpẹ́. Mo ní mà á dá a dúró, ó ní, "Ẹ forí jì mí, Àlàájà," ó wá ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kejì tó fi jẹ́ pé ojú tì mí pé mo lérí sí i.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí. Mo kọ́kọ́ rò pé ààwẹ̀ ni, nítorí ó máa ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Mo fọkàn sí i. Ọjọ́bọ̀ kan tó gbààwẹ̀, tí ètè rẹ̀ gbẹ fún òùngbẹ, lọ́jọ́ náà ló tẹ iṣẹ́ tó dára jù nínú oṣù yẹn. Mo ní bóyá ojú ló ń dùn ún. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń yẹ ojú wò n'Íjẹ̀bú-Igbó. Ọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ojú Bàbá Ìbejì lè ríran ju tèmi lọ, bóyá kí èmi jókòó kó yẹ tèmi wò. Mo ní a ń kánjú.

Mo ní ó lè jẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a jà. Mo yọ́ ọ̀rọ̀ náà bi í, bí àgbà ṣe ń yọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bini. Ẹ̀rín ló rín. "Àlàájà, ìyàwó mi? Èmi pẹ̀lú rẹ̀ ò tíì jà láti Iléyá."

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ní òdìkejì títì, ó dojú kọ tèmi gẹ́lẹ́. Òun ní òun mọ ohun tó ń ṣe é: ayé ni. Ó ní ẹni tó mọṣẹ́ tó báyẹn kò lè ṣàìní ọ̀tá, kó máa ka Áyátù Kúrúsíyù kó tó tan kọ̀ǹpútà. Mo sọ fún un. Bàbá Ìbejì ní òun ti ń kà á láti kékeré. Ó wá ń ka tiẹ̀ sókè kí n lè máa gbọ́, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ò yí padà. Tó bá dára, ó dára. Tó bá bàjẹ́, orí mi ló ń já lé.

Káàdì yìgì ló wá mú mi dé etí bèbè.

Àlàájì kan láti Òkè-Ṣópẹ́n, n'Íjẹ̀bú-Igbó, fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ obìnrin fọ́kọ. Èèyàn ńlá ni, ó lóko kòkó, ó ń ta pákó, ó sì jẹ́ ojúlùmọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Igba káàdì ló ní ká tẹ̀. A tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ rẹ̀ dára, lẹ́tà rẹ̀ ń dán. Ó rán awakọ̀ rẹ̀ wá gbà á. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ní kí n gbé omi sẹ́nu, mọ́tò kan dúró gììrì níwájú ṣọ́ọ̀bù, Àlàájì fúnra rẹ̀ ló bọ́ sílẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó na káàdì kan sí mi.

"Kà á fún mi."

Mo kà á. Nígbà tí mo dé àárín rẹ̀, ohùn mi lọ sílẹ̀.

"Kà á sókè! Ta ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó ń fẹ́ ọmọ mi?"

Orúkọ tirẹ̀ ló wà níbẹ̀. Orúkọ bàbá ìyàwó ló wà níbi tó yẹ kí orúkọ ọkọ wà, orúkọ ọkọ ìyàwó kò sì sí níbì kankan nínú káàdì náà.

"Ṣé èmi ni mo fẹ́ fẹ́ ọmọ mi ni? Ṣé irú ẹ̀sìn tí wọ́n ń ṣe ní Àgọ́-Ìwòyè níhìn-ín nìyẹn?" Lẹ́yìn èyí, ó bọ́ sínú Ìjẹ̀bú tó jinlẹ̀, irú èyí tí ìyá ìyá mi máa ń sọ, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ò lè gbọ́. Èmi gbọ́ gbogbo rẹ̀. N kò ní kọ ọ́ síbí.

Mo kúnlẹ̀. Èmi, arúgbó, mo kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù ara mi. Nígbà tó lọ tán, tí mo ti ṣèlérí pé igba káàdì mìíràn máa dé ọwọ́ rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, mo yíjú sí Bàbá Ìbejì.

"O fẹ́ pa mí ni? Wí fún mi, kí n mọ̀ pé ikú ni mo gbà síṣẹ́!"

Ó jókòó, ó tẹ káàdì náà tuntun. Kò sí àléébù kankan lára rẹ̀.

Lẹ́yìn káàdì yẹn ni mo ra ìwé kékeré kan. Mo pinnu pé mà á máa kọ ìwà iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́ kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù, kí n lè rí ibi tí àrùn náà ti ń wá. "Ọjọ́rú: ó dára púpọ̀. Òjò rọ̀. Ó jẹ ẹ̀wà." "Jímọ̀: ó burú. Oòrùn mú. Iná wà." "Àbámẹ́ta: mo fẹ́ sunkún." Mo ṣe báyìí fún oṣù méjì gbáko. Mo wo òjò, mo wo oòrùn, mo wo oúnjẹ tó jẹ, mo wo aṣọ tó wọ̀. Kò sí èyí tó bá èkejì mu.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, mo ju ìwé náà sórí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ọkọ mi ti ń mu tíì. Mo ní, "Ìwọ tó o pe ara rẹ ní tíṣà ìṣirò, gbà, ṣe é."

Ó wọ awò rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe máàkì ìdánwò. Ó mú pẹ́ńsùlù, ó ń fi àmì sára àwọn ọjọ́ tí iṣẹ́ dára. Nígbà tó parí, ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.

"Ọjọ́bọ̀ tó dára yìí, níbo lo wà?"

"Ọjọ́bọ̀ wo?"

"Èyí tó o kọ 'kò sí àṣìṣe kankan' sí."

Mo ronú. "Mo lọ wo Ìyá mi n'Íjẹ̀bú-Igbó. O rántí pé ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n."

"Ọjọ́ Ajé yìí ńkọ́?"

"Mo lọ ra bébà n'Íjẹ̀bú-Òde."

"Ọ̀sẹ̀ yìí wá rèé, tó dára láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. O kọ ọ́ pé Bàbá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló ròyìn fún ọ lórí fóònù, o sì rí iṣẹ́ náà lẹ́yìn náà."

"Ibà ló dá mi dúbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ṣe tíṣà pẹ́ ju kó máa fi ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìdáhùn rẹ́rìn-ín lọ. Ó kàn ti ìwé náà padà sọ́dọ̀ mi, ó sì gbé ife tíì rẹ̀.

Inú bí mi débi pé n kò bá a sọ̀rọ̀ títí di ìrun Alásárì. Èmi! Èmi tí mo ń jókòó sẹ́yìn ọkùnrin náà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ kí iṣẹ́ má baà bàjẹ́! Mo ní ọkọ mi ò mọ nǹkan kan nípa ìtẹ̀wé, pé ìṣirò rẹ̀ ti pa á lórí. Ṣùgbọ́n mo padà ṣí ìwé náà fúnra mi, mo sì fi ìka tọ àwọn àmì pẹ́ńsùlù náà lẹ́sẹẹsẹ. Kò sí ẹyọ kan tí mo lè jà lé lórí.

Lọ́jọ́ Ajé, mo sọ fún Bàbá Ìbejì pé mò ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo gbé báàgì mi, mo rìn títí dé ìsàlẹ̀ ọ̀nà, mo gba ẹ̀yìn ilé yọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi aránṣọ. Mo jókòó sẹ́yìn àwọn aṣọ tó gbé kọ́, mo ń yọjú láàárín bùbá méjì bí olè. Ọ̀rẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín débi tí abẹ́rẹ́ fi ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ohun tí mo rí kò ju nǹkan kékeré lọ. Bàbá Ìbejì dojú fóònù rẹ̀ dé orí tábìlì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wọlé, ó tọ́ka sí àga fún un láìgbójú sókè, ọmọ náà jókòó. Ẹlòmíì wọlé, òun náà jókòó. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ ojú ewé, ó dìde, ó ṣe fọ́tòkọ́pì fún àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó bá wọn ṣàwàdà díẹ̀, ó jáde síta, ó na ọwọ́ àti ẹ̀yìn, ó mu omi, ó padà wọlé. Báyìí ló ṣe títí ìrun Àìlà fi tó. Kò sí ariwo. Kò sí ẹni tó bínú. N kò rí ṣọ́ọ̀bù mi tó rọgbọ báyẹn rí.

Lẹ́yìn ìrun, mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé mò ń padà sọ́hùn-ún, kó bá mi ka iye ìgbà tí mo bá pe Bàbá Ìbejì láàárín wákàtí kan.

"Láti ibí? Báwo ni mà á ṣe gbọ́?"

Ó wò mí, èmi náà wò ó. Àwa méjèèjì mọ̀ pé ohùn mi kì í ṣe ohùn tí títì kan lè dá dúró.

Ó gbé ọmọrí agolo kan kalẹ̀. Ó ní nígbàkigbà tí òun bá gbọ́ "Bàbá Ìbejì," òun á ju bọ́tìnì kan sí i.

Mo wọlé, mo ní mọ́tò ni ò yá. Mo jókòó sáyè mi lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbà yín láàyè kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́ tàbí kẹ́ ẹ má gbà mí gbọ́: mo gbìyànjú. Mo mọ̀ pé wọ́n ń kà mí, mo sì ń ṣọ́ ẹnu mi. Nígbà tí wákàtí kan pé, mo sọdá. Ọ̀rẹ́ mi da bọ́tìnì náà sórí tábìlì. Mẹ́tàlélógún ni.

"Irọ́ ni."

"Mo fi méjì sílẹ̀ tí kò dá mi lójú."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sín mi jẹ. "'Bàbá Ìbejì, ẹ ti parí ti olùkọ́ yẹn?' 'Bàbá Ìbejì, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ẹ bá ọmọ yìí ṣe kọ́pì méjì.' 'Bàbá Ìbejì, ìwé ta nìyí?' 'Bàbá Ìbejì, kí lẹ wá dúró ṣe síbẹ̀, ṣé ti olùkọ́ ò kánjú ni?'"

Gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. Mo kó bàtà mi, mo lọ.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, tí àwọn oníbàárà ti lọ, tí oòrùn sì ti rọ̀, mo ní kí Bàbá Ìbejì jókòó.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi pé èmi ni mo ń dà yín láàmú?"

"Àlàájà, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan."

"Nígbà wo?"

"Lọ́sẹ̀ kẹta tí mo débí. Mo ní kẹ́ ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kí n máa parí ojú ewé kan kí n tó bọ́ sórí òmíì. Ẹ ní ṣé èmi ni mà á kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń darí ṣọ́ọ̀bù."

N kò rántí. Títí dòní, n kò rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dún bí ọ̀rọ̀ mi gẹ́lẹ́, n kò lè jiyàn.

"Ti káàdì Àlàájì ńkọ́?"

Ó ń to bébà. Mo ní kó sọ ọ́.

"Mo tẹ orúkọ bàbá ìyàwó tán, ó ku orúkọ ọkọ. Ẹ pè mí pé kí n wá wo ìdí tí fọ́tòkọ́pì fi ń mú bébà jẹ. Nígbà tí mo padà dé, mo rí orúkọ nílẹ̀, mo rò pé ti ọkọ ni mo ti tẹ̀."

"O sì jẹ́ kí n kúnlẹ̀ fún bàbá yẹn, tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ, Àlàájà? Níwájú rẹ̀?"

Ìbínú kì í ṣe nǹkan tó rọrùn láti gbé nígbà tí kò bá sí ẹni tí èèyàn lè gbé e lé lórí.

A tún ṣọ́ọ̀bù tò. Mo gbé tábìlì mi lọ sẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn oníbàárà máa bá mi kí wọ́n tó rí i. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni mà á máa fi iṣẹ́ sí, òun á sì mú un nígbà tó bá dé ìsàlẹ̀ ojú ewé. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fọ́tòkọ́pì fúnra mi. Mo ṣèlérí pé n kò ní pe orúkọ rẹ̀ àyàfi bí òun bá gbójú sókè. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹnu ń yún mi. Tí ó bá ti ṣe mí bíi kí n pè é, mà á dìde, mà á sọdá títì lọ bá ọ̀rẹ́ mi, mà á pe òun dípò rẹ̀. Òun náà wá ń ráhùn.

Ó ṣiṣẹ́. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, iṣẹ́ wa dára lójoojúmọ́. Olùkọ́ àgbàlagbà yẹn mú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Mo ń sọ ìtàn náà fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, àtẹni tí kò fẹ́ gbọ́, pé àwọn ọ̀gá ló ń ba iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́, pé mo ti rí ìdí rẹ̀, mo sì ti wò ó sàn.

Ó wá di Ọjọ́rú kan. Iná wà. Kò sí ààwẹ̀. Kò sí oníbàárà tó pọ̀. N kò pe ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, n kò tilẹ̀ wúkọ́. Nígbà tí mo gba iṣẹ́ olùkọ́ yẹn lọ́wọ́ Bàbá Ìbejì, orí kejì kò sí níbẹ̀ rárá, ó sì tẹ orí kẹta lẹ́ẹ̀mejì.

Mo jókòó tì í. Mo fọwọ́ lẹ́rán.

"Bàbá Ìbejì, ṣé àwọn ọmọ wà dáadáa?"

"Ara wọn le, Àlàájà."

"Ìyá yín l'Ábigi ńkọ́?"

"A sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí lórí fóònù. Wọ́n ń ṣàwàdà ni."

"Ẹ sùn dáadáa?"

"Mo sùn fọnfọn."

"Ṣé mo pè yín lónìí?"

"Ẹ ò pè mí."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Ó wo ìwé náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Mi ò mọ̀, Àlàájà. Ó kàn rí bẹ́ẹ̀ lónìí ni."

Ó kàn rí bẹ́ẹ̀! Èmi tí mo ti ń wàásù káàkiri ìlú! Astagfirulahi, ó kù díẹ̀ kí n máa fẹ́ kí ẹnì kan ṣàìsàn nílé rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà ṣáà lè ní ìdí. Mo délé, mo rojọ́ fún ọkọ mi. Ó ní, "Ṣé gbogbo ọjọ́ ni ọbẹ̀ tìrẹ máa ń dùn bákan náà?" Mo bi í pé ọjọ́ wo ni kò dùn. Ó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé ìwé ìròyìn bo ojú.

Bàbá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló dá àbá tó kù. Ó ní láàárọ̀, tí òun bá ti tẹ ojú ewé kan tàbí méjì, òun á ti mọ bí ọwọ́ òun ṣe rí lọ́jọ́ náà. Bí kò bá dá, òun á sọ, òun á fi ìtẹ̀wé sílẹ̀, òun á máa dì, òun á máa gé, òun á máa to bébà. Mo kọ́kọ́ rò pé ọgbọ́n ọ̀lẹ ni. Mo ń retí pé á máa sọ ọ́ lójoojúmọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà míì, oṣù á fẹ́ẹ̀ parí kí n tó gbọ́ pé, "Àlàájà, ọwọ́ mi ò dá lónìí o." Bó bá sọ ọ́ báyẹn, ara mi á gbóná, mà á ka oókan dé ẹẹ́wàá, mà á sì gbé ìwé dídì fún un.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń sáré fi iṣẹ́ àṣekágbá sílẹ̀, ọmọ méjì gbé tiwọn wá dì, ẹ̀yìn ìwé méjèèjì jẹ́ àwọ̀ ewé. Èmi ni mo fà á lé wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan lọ sí ẹ̀ka wọn. Èkejì wọ mọ́tò Ìjẹ̀bú-Igbó, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé. Kò pẹ́ tí àkọ́kọ́ fi sáré padà wá pé orúkọ ẹlòmíì ló wà lára ìwé tí mo fún òun. Mo dúró, mo la ẹnu, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe.

N kò pe Bàbá Ìbejì. Ó ti dìde. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ yẹn, ó dá ọ̀kadà dúró, ó lọ. Ó bá mọ́tò náà ní Òrù, níbi tó ti dúró já èrò. Nígbà tó padà dé, òógùn ti mu ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó fi ìwé tó tọ́ lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó padà sí àyè rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé.

Mo ń retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà náà títí a fi fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Mo ti to ìdáhùn mi sílẹ̀: àwọ̀ kan náà ni, ariwo pọ̀, wọ́n ń tì mí. Kò bi mí ní nǹkan kan. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ ojú ewé kan, ó gbójú sókè, ó ní, "Àlàájà, ṣé ẹ tiẹ̀ ti jẹun lónìí báyìí?"

Òun náà ti ń wá ìdí àṣìṣe mi. N kò tíì jẹun. Mo sọ fún un pé mo ti jẹun. Inú tó bí mi lọ́jọ́ náà pọ̀ ju ti káàdì Àlàájì lọ.